Requests ti Python: mo ka ìwé àlàyé ẹ̀, mo tún tú ikùn ẹ̀ wò

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kọ eléyìí láti kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ o, review ni. Láíbúrárì kan, ìyẹn kóòdù tẹ́nì kan ti kọ sílẹ̀ fáwọn míì láti lò, tó ń jẹ́ requests, ti èdè kóòdù tó ń jẹ́ Python, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, òun lèmi àti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á fi ń rán kóòdù wa níṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lọ bá sẹ́fà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé nǹkan fúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbé nǹkan bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, Kenneth Reitz ló gbé e jáde ní 2011, abẹ́ Python Software Foundation ló wà báyìí. Wọ́n ní torí ọmọ èèyàn làwọn ṣe ṣe é, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹ̀: HTTP for Humans. HTTP yẹn ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, mi ò sì rò pé mo máa jókòó kọ nǹkankan nípa ẹ̀, àfìgbà tí iṣu di pọ́n-ùn mọ́ mi lọ́wọ́ l'Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ jẹ́ n rò ó.

Àwọn màmá kan tó ń ta oúnjẹ l'Òkè-Ajé ní àwọn fẹ́ máa mọ iye tí ọjà ń lọ n'Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Ṣàgámù kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí wọ́n má lọ wọ mọ́tò lásán. Mo ní ìyẹn ò le. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ló ń bá wọn kó iye ọjà jọ, á tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan, á gbé e sórí sẹ́fà kan, kóòdù tèmi á lọ kó gbogbo ẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn màmá. Ṣé ẹ rí bàbá yìí, Yorùbá ló fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Kò gbà kẹ́nikẹ́ni kọ "isu" sílẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n ń pè ní isu, ó ní iṣu ni, pẹ̀lú ìlà nídìí, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní kọ àmì ẹ má rán mi níṣẹ́. Ó dáa bàbá, ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, aago méje ò tíì lù, fóònù mi dún. Ìyá kan ni. "Ọkọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n ti ń ta iṣu n'Ìjẹ̀bú-Igbó ni?" Mo ní rárá o, mà. Ó ní òun rí àmì owó òyìnbó nínú ẹ̀ kedere, ọmọ òun tó wà ní London máa ń fi irú ẹ̀ ránṣẹ́. Mo ṣí mẹ́séèjì yẹn fúnra mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

iá¹£u
áº¹ran

Iṣu àti ẹran nìyẹn o. Ẹ wo pọ́n-ùn láàárín iṣu, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn mi ni pé bàbá tíṣà ló tẹ nǹkan tí ò dáa. Mo ṣí fáìlì ẹ̀ lórí browser, mo yí i sí UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè, gbogbo àmì ló pé, ó mọ́ tónítóní. Á jẹ́ pé ọ̀nà ló ti bàjẹ́, láàárín sẹ́fà sí kóòdù mi. Mo sì rántí pé mo ti ka Quickstart, apá ìbẹ̀rẹ̀ inú documentation (ìwé àlàyé) requests, dáadáa, ibẹ̀ sọ pé ẹ má dààmú, requests á fúnra ẹ̀ túmọ̀ ohun tí sẹ́fà bá gbé wá, á wo header, àkọlé tí sẹ́fà fi síwájú ẹrù, á fòye gbé e pé irú lẹ́tà báyìí ni. Mo gbà á gbọ́. Ta ni ò ní gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba lèyí bọ́ sí o. Ẹ ṣáà mọ bí ìlú ṣe máa ń rí tó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo àgbáyé á ti rọ́ wá síbí tàwọn ti fóònù wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa rìn bí ìgbín tó gun òkè. Wọ́n tún wá mú iná lọ. Mi ò lè ṣí documentation, kò jáde, ó kàn ń yí bírí bírí lójú fóònù. Láptọ́ọ̀pù mi ṣì ní bátìrì díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí nǹkan tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa ń ka documentation, àmọ́ source code, kóòdù tí wọ́n fi kọ láíbúrárì náà, ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi látọjọ́ tí mo ti fi láíbúrárì yẹn síbẹ̀. Kò jẹ dátà. Kò bìkítà bí iná wà bí ò sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó wà, ẹ tẹ èyí:

python3 -c "import requests; print(requests.__file__)"

Tèmi sọ pé inú dist-packages lòun wà. Mo wọ fódà yẹn lọ, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ó kéré, fáìlì Python inú ẹ̀ ò tó ogún. Mo ti ń bẹ̀rù ẹ̀ látọdún yìí wá, mo rò pé igbó kìjikìji ni, àṣé ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni. Mo wá "encoding" nínú ẹ̀, ó gbé mi lọ sí utils.py, function kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ get_encoding_from_headers, ó ń wo header tí sẹ́fà fi ránṣẹ́, nígbà tó yá mo bá ìlà méjì yìí:

if 'text' in content_type:
    return 'ISO-8859-1'

Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé, tí sẹ́fà bá ti ní ọ̀rọ̀ lásán ni mo gbé wá o, tí kò sì sọ irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, èmi ò ní fòye gbé nǹkankan, ISO-8859-1 ni mo máa pè é. Sẹ́fà tí bàbá tíṣà ń lò sì ń sọ text/plain, kò fi charset kankan, ìyẹn orúkọ irú lẹ́tà yẹn, tì í. ISO-8859-1 yìí, lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ló wà nínú ẹ̀, kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ, byte kan (ẹyọ nọ́ńbà kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan) sì ni lẹ́tà kan lójú tiẹ̀. Byte mẹ́ta ni UTF-8 fi ń kọ ṣ: E1, B9, A3. Ó bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, E1 di á, B9 di ¹, A3 di £. Ibi tí pọ́n-ùn ti wá nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó mi wá yọjú wò mí nínú òkùnkùn.

Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé ká ní sẹ́fà yẹn kàn panu mọ́, tí kò sọ pé text ni rárá, requests ì bá fúnra ẹ̀ wo àwọn byte yẹn kó sì méfò, ó ṣeé ṣe kó mọ̀ pé UTF-8 ni. Ìdajì òótọ́ tí sẹ́fà sọ ló kó bá wa.

Ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó yára, orí ẹ̀ pé, àmọ́ ara ẹ̀ gbóná. Ó ń yọjú wò ó lẹ́yìn mi, ó ní bọ̀ọ̀dá, ṣebí ìlà kan ni, ẹ jẹ́ ká yí i sí utf-8 ká lọ sùn. Mo ní má fọwọ́ kàn án o. Mo jáde lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Kí n tó dé, ó ti fi sudo, àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣí utils.py, ó ti yí i, ó ti dán an wò, iṣu ti padà di iṣu, inú ẹ̀ ń dùn. Ó ní "bọ̀ọ̀dá, mo ti tún un ṣe." Ó ti rẹ̀ mí, mi ò bèèrè bó ṣe tún un ṣe, mo ní ó dáa, gbé e lọ sórí sẹ́fà wa. Ó gbé kóòdù tiwa lọ. Requests tó tún inú ẹ̀ ṣe, orí láptọ́ọ̀pù mi ló kù sí, tórí sẹ́fà ò mọ nǹkankan tó ń lọ. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá yẹn tún pè. "Ọkọ mi, pọ́n-ùn yẹn mà ti padà wá o."

Mo bá a wí, àmọ́ mo bá ara mi wí jù ú lọ, torí èmi ni mo kọ́ ọ láti máa tú kóòdù wò, mi ò kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe tó bá ti rí nǹkan níbẹ̀.

Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá balẹ̀, nǹkan bí aago méjì òru, mo ṣí documentation padà. Mi ò lọ sí Quickstart mọ́, mo lọ sí apá tí wọ́n pè ní Advanced Usage, tí mi ò dé rí torí mo rò pé ti àwọn ọ̀gá ni. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba gbàǹgbà: tí header bá ní text nínú, tí charset ò sì sí, ISO-8859-1 làwọn máa lò, torí RFC 2616 ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Òfin HTTP ni RFC yẹn, 1999 ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ti yọ òfin ISO-8859-1 yẹn kúrò nínú RFC 7231 ní 2014, àmọ́ requests ò yí tiẹ̀ padà. Nítorí náà kì í ṣe bug. Èmi tí mo ka source code nìkan ti fẹ́ lọ fi ẹjọ́ wọn sùn pé wọ́n ṣe àṣìṣe, wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kóòdù sọ ohun tó ń ṣe fún mi, kò sọ ìdí tó fi ń ṣe é. Ìwé àlàyé ló sọ ìdí, ó tún sọ ohun tí mo lè ṣe sí i láìfọwọ́ kan ilé onílé, pé kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un kí n tó ka r.text, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí sẹ́fà gbé wá:

r.encoding = "utf-8"

Ìlà kan. Òun ló wà níbẹ̀ dòní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ṣẹ́ ẹ rí i, gbogbo ẹ̀ wà nínú documentation, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tú ikùn ẹ̀. Ẹ dúró ná. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ jẹ́ n fi gàrí ṣe é. Ìyá tó ń ta gàrí sọ fún ẹ pé tòun kan, tó o bá bomi tútù sí i eyín ẹ á kan. Ohun tó fẹnu ẹ̀ sọ nìyẹn, tó o bá délé tí kò kan, o lè gbé e padà lọ bá a, kẹ́ ẹ jọ fà á. Àmọ́ ká ní o yọjú síbi tí wọ́n ti ń yan án, o rí i pé ẹ̀gẹ́ yẹn lo ọjọ́ márùn-ún nínú àpò kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. O rí i lóòótọ́, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ṣèlérí ọjọ́ márùn-ún fún ẹ? Tó bá ṣe é ní mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó sì ṣì kan, ẹjọ́ wo lo fẹ́ bá a rò? Bí mo ṣe ń wo documentation àti source code báyìí nìyẹn. Tí nǹkan bá rú mi lójú mo lè yọjú síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, mo lè mọ ìdí tí inú fi ń run mí, àmọ́ tí mo bá fẹ́ kọ kóòdù tó máa gbára lé nǹkan, ohun tí ìyá gàrí fẹnu ara ẹ̀ sọ ni mo máa gbára lé.

Nǹkan sì ṣẹlẹ̀ nínú requests yìí gan-an tó jọ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń gbé láíbúrárì mìíràn, urllib3, sínú ikùn requests. Àwọn kan rí i níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba requests.packages wọlé lọ lò ó, bí ẹni tó ń gba yàrá onílé kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Ní 2017, version 2.16.0, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jáde, ó di wàhálà fáwọn tó ti sọ ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn di títì. Títí dòní fáìlì packages.py ṣì wà níbẹ̀ nítorí wọn, tẹ́ ẹ bá ṣí i ẹ máa rí i pé ẹni tó kọ ọ́ sọ sínú ẹ̀ pé òun náà ò fẹ́ràn ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbójú kúrò. Ẹ ò lè bá irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú documentation kankan, ìdí kan tí mo fi fẹ́ràn kí n máa wo inú kóòdù nìyẹn, ìgbà míì ẹ máa ń bá èèyàn níbẹ̀ tó ń mí.

Ọ̀ràn version tún wà. Documentation tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti version tó jáde gbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ gbé fún yín. Ubuntu 22.04 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, requests 2.25.1 ló sì bá a wá. Mo rí i nínú documentation pé tí sẹ́fà bá gbé JSON (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to dátà) tí kò péye wá, kí n fi requests.exceptions.JSONDecodeError mú un. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò bínú. Àfi lọ́jọ́ tí sẹ́fà kan dá HTML padà dípò JSON, Python ní òun ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú requests. Torí 2.27.0 ni wọ́n tó fi sí i. Mo ṣí exceptions.py tèmi, ìṣẹ́jú kan ò pé, mo rí i pé kò sí níbẹ̀. Ibí yìí, source code lọ̀gá, torí òun nìkan ló mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an.

Tàbí kẹ́ ẹ wo api.py. Documentation ti ń pariwo pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ sẹ́fà kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ lo Session, tó ń di ọ̀nà kan náà mú, ó máa yá. Mo máa ń kà á kọjá ni. Ìgbà tí mo rí i nínú kóòdù pé requests.get ò ṣe ju kó ṣí Session tuntun, kó jíṣẹ́ kan péré, kó sì pa á dé lọ, ìgbà yẹn ló tó wọ̀ mí lára. Bí ẹni tó ń gba ọ̀kadà ọ̀tọ̀ fún àpò gàrí kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń ṣe látẹ̀yìn wá.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo ibẹ̀ ló dùn wò. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń tún nǹkan gbìyànjú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, mo ṣí adapters.py, mo rí DEFAULT_RETRIES = 0, ó dáa, ìyẹn ni pé kì í tún un gbìyànjú rárá àyàfi tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe é. Mo fẹ́ mọ̀ sí i, ó ní kí n lọ bá urllib3. Mo dé urllib3, ìyẹn ní kí n lọ bá http.client ti Python fúnra ẹ̀. Wákàtí méjì ti lọ, mo ti gbàgbé ohun tí mo wá. Nígbà tí mo padà sí documentation HTTPAdapter, gbólóhùn kan péré ló dáhùn ẹ̀: ìgbà tí wọn ò bá rí ọ̀nà débẹ̀ nìkan ni max_retries wà fún, tí ẹrù bá ti dé ọ̀dọ̀ sẹ́fà kò ní tún un rán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ bí gbólóhùn yẹn ti wúwo tó.

Ti timeout ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè dá documentation lẹ́bi níbẹ̀, inú Quickstart gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé tẹ́ ẹ ò bá fi timeout sí i, ó lè dúró láìlópin, àti pé kì í ṣe àkókò tí gbogbo ẹrù máa fi dé ni timeout ń kà, bí sẹ́fà ṣe pẹ́ tó láìfọhùn ni. Èmi ò fi sí i. Kóòdù mi dúró láti alẹ́ títí di àárọ̀ lójú sẹ́fà kan tó ti kú. Ti ara mi ni ìyẹn.

Ó dáa, máàkì. Documentation, mo fún un ní méje nínú mẹ́wàá. Ó ṣe kedere, àpẹẹrẹ inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ encoding yẹn ò yẹ kó wà níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, èèyàn tó ń kọ Yorùbá á ti kó sí kòtò kó tó débẹ̀. Source code, mẹ́jọ. Ó ṣeé kà, orúkọ àwọn function bá iṣẹ́ wọn mu, ohun tó jẹ ẹ́ ní máàkì méjì ni adapters.py tó ń lé èèyàn láti agboolé kan dé òmíràn. Ẹ lò ó, mo fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá ń fi gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ ti mọ ìlà tẹ́ ẹ máa fi sí i.

Bàbá tíṣà pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó ní kóòdù mi ti tún bẹ̀rẹ̀, àmì orí gàrí ti sọnù nínú ti Ṣàgámù. Mo ní ẹ má bínú sà, mo ń wò ó. Mo ṣí fáìlì tó gbé sórí sẹ́fà, mo ka byte ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló gbàgbé láti fi àmì sí i. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.